Rẹ́kọ́ọ̀dù Bàámi Yára Díẹ̀

Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni àwo orin ńlá gbọ́dọ̀ yí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bàámi ló kọ́ mi ní ìṣirò yẹn, lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn nílé wa ní Ìbàdàn, tí wọ́n lẹ bébà pupa tín-ín-rín kan mọ́ etí àwo, tí wọ́n di aago ọwọ́ wọn mú, tí wọ́n ní kí n máa kà. Bébà pupa kọjá níwájú mi, mo kà á. Ó yí padà, mo tún kà á. Jọ́gíráfì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, kì í ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí ohunkóhun wà nínú ilé wọn tí wọn ò ní lè wọ̀n. Nígbà tí mo kà á dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n wo aago, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gééré.

"Ṣé o ti rí i báyìí? Ẹ̀rọ tèmi ò lárùn. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì yín ni kẹ́ ẹ lọ tún ṣe."

Kíbọ́ọ̀dù yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ lóòótọ́. Ọdún 1989 ni. Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún àwọn akọrin ọ̀dọ́. Wọ́n gbà kí n gbé e wálé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì pinnu pé n ó bá ọ̀kan nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Bàámi tẹ ẹ́, èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré débi tí mo lè fẹnu kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "So What" lórúkọ orin náà. Òun ló ṣáájú lójú kìn-ín-ní Kind of Blue, àwo tí Miles Davis, afunfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1959. Bàámi rà á ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n lọ kàwé níbẹ̀, òun àti ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ ni wọ́n jọ bá ọkọ̀ ojú omi wálé.

Mo tẹ bọ́tìnì D, kò bá a mu. Mo tẹ E-flat tó tẹ̀ lé e, ìyẹn tún burú jù. Orin náà jókòó sáàárín bọ́tìnì méjèèjì bí ẹni tó jókòó sórí ògiri ọgbà, ara rẹ̀ fì sọ́dọ̀ D, ṣùgbọ́n kò bọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Mo sọ fún Bàámi pé ẹ̀rọ wọn ń sáré. Wọ́n ní irọ́ ni. Bí a ṣe dé ìdí bébà pupa nìyẹn.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yẹn ò ní ìwà tirẹ̀ o. Mọ́tò inú rẹ̀ kì í wo bí iná ṣe lágbára tó. Iye ìgbà tí iná ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń tẹ̀ lé. Ìgbà 50 ni ti iná ọba nílé wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Lọ́ńdọ̀nù, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ wá lẹ́nu. (Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti ń gbọ̀n nígbà 60, á bá a pé gbogbo olórin rẹ̀ ló ń tòògbé, nítorí àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan ò ní lè yí ju bíi 28 lọ.) Ṣùgbọ́n bí iná ọba bá lọ, tí a bá tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ a máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn olórin á sáré tẹ̀ lé e, ohùn wọn á ròkè. Ìgbà náà ni Màámi á ki áyọ́ọ̀nù bọ iná láti lọ aṣọ ìsìn. Jẹnẹrétọ̀ á kérora, saksófóònù John Coltrane á wálẹ̀ wìì bí ẹni tí wọ́n fa ṣòkòtò rẹ̀ látẹ̀yìn, Bàámi á sì pariwo láti pálọ̀: "Ta ló ń lọ aṣọ?" Ohun èlò orin ni áyọ́ọ̀nù nílé wa.

Ṣùgbọ́n iná ọba wà lọ́jọ́ tí a ka bébà. Mo gbé kíbọ́ọ̀dù padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbà pé òun ló jẹ̀bi, n kò sì sọ ọ́ mọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí orin náà ṣe rí fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. Píánò àti béèsì onígi ló kọ́kọ́ wọlé, láìsí ìlù tó ń tì wọ́n, wọ́n ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá sálúbàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni Paul Chambers, ọ̀gá béèsì, wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Fèrè ló sábà máa ń lé orin jáàsì, kí béèsì máa gbé e lẹ́sẹ̀. Níbí, béèsì ló ń lé. Bill Evans lórí píánò ló kọ́kọ́ ń gbè é, kọ́ọ̀dù (ohùn púpọ̀ tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) méjì péré, kí àwọn afunfèrè tó wá dara pọ̀ mọ́ ègbè náà. Béèsì á sọ gbólóhùn kan tó ń gun òkè, wọn á dá a lóhùn: ọ̀kan wà lókè, èkejì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé Àmín ni ègbè yẹn ń wí, bíi ti ìjọ tó ń dá oníwàásù lóhùn. Etí Yorùbá ò lè gba ìyẹn. Àmín tiwa ń gòkè ni, èyí sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bàámi ní "Ẹ́n-ẹ̀n" ni wọ́n ń wí, bí àgbà tí wọ́n ń ro ẹjọ́ fún, tí ó ń gbọ́, tí kò sì tíì fẹ́ sọ ibi tí òun dúró sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn níbẹ̀ mọ́.

Ní ti ìrìn rẹ̀, bí ẹ bá fẹsẹ̀ kà á, nǹkan bí 136 ni ẹ óò kà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn kì í ṣe ìrìn gbẹ̀fẹ́. Ẹni tó bá rìn bẹ́ẹ̀ lójú títì á ti làágùn kó tó dé ìkóríta. Síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó gbọ́ "So What" tó ní ó ń sáré. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀dí rẹ̀. Jáàsì tó gbòde kó tó dé, èyí tí wọ́n ń pè ní bebop, a máa pààrọ̀ kọ́ọ̀dù ṣáá, bí ọkọ̀ tó gba inú ọjà kọjá: yà sọ́tùn-ún, yà sósì, tẹ bíréèkì, fọn fèrè. Nínú orin yìí, orí D kan náà ni wọ́n wà fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú láìpààrọ̀ ohunkóhun. Táyà ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ ń wò láti ojú fèrèsé ò yí padà. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò lọ sí òkè Ọya mọ irú ìyára yẹn. Ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ń kà, ni wọ́n lò lórí D. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn á jọ gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo sí E-flat fún ìwọ̀n mẹ́jọ, wọn á sì tún sọ̀ kalẹ̀ sí D fún mẹ́jọ mìíràn. Ìyẹn nìkan ni gbogbo ìrìn àjò náà. Ó dà bí ẹni tó jókòó sórí ẹní, tó dìde lọ jókòó sórí àpótí fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún padà sórí ẹní rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ orin ń pe ètò ohùn tí wọ́n fi ṣe é ní Dorian. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ jókòó ti píánò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti D, ẹ tẹ àwọn bọ́tìnì funfun nìkan títí dé D tó wà lókè rẹ̀. Òun náà nìyẹn. Bí àwa tí wọ́n fi sọ́ńfà kọ́ bá sì kọ ọ́, re la ó fi bẹ̀rẹ̀: re, mi, fa, so, la, ti, do, re. Orin tó fi re ṣe ilé ni.

Ibí yìí ni nǹkan ti wọ̀ mí lára. Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́ ní àmì ohùn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ re. Dò, re, mí. Dò wà nísàlẹ̀, mí wà lókè, re wà láàárín, òun sì ni a kì í fi àmì kankan sí lórí. Onímọ̀ èdè á ní mo ń lú ọ̀rọ̀ pọ̀, pé re akọrin yàtọ̀ sí re elédè. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí bí ọkàn orin yìí ṣe rí, n kò ní èsì tó ju ìyẹn lọ. Orin tó fi dò ṣe ilé, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, mọ ohun tó dùn mọ́ ọn. Èyí tó fi la ṣe ilé mọ ohun tó ń dùn ún. Èyí tó fi re ṣe ilé kò yọ̀, kò sì sunkún. Ó jókòó, ó ń wò yín, kò fi àmì kankan sórí ara rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ká. Bí ègbè ti parí tí Miles fẹ́ gbé fèrè sẹ́nu, Jimmy Cobb tó ń lù fi igi gbá aro kan, gbàà! Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé òun ti gbá a jù. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gba irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni, ní òpópónà East 30th nílùú New York, tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia sọ di sítúdíò, òrùlé rẹ̀ sì ga gan-an. Ohùn aro yẹn lọ sókè, kò tètè padà. Abẹ́ rẹ̀ ni Miles ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Coltrane, lẹ́yìn ìyẹn Cannonball Adderley tí òun náà ń fun saksófóònù, kí Evans tó wá gbà á lórí píánò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo máa ń rò pé Màámi ló jẹ́ kí ìdérí ìkòkò bọ́ nílé ìdáná.

Orin kejì lójú kan náà ni "Freddie Freeloader". Mo fẹ́ràn rẹ̀, kò dá mi lóró rí, n ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, "Blue in Green", ni èyí tí a kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń lọ. Adderley ò sí nínú rẹ̀. Miles fi ìdérí irin dí ẹnu fèrè rẹ̀, ó sì fi ẹnu rẹ̀ sún mọ́ máíkì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò fi rò pé ẹ̀yìn etí yín ló wà. Ìwọ̀n mẹ́wàá péré ni orin náà ní, ó ń yí po bí òrùka, ẹ kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí Evans bá gbà á, wọ́n ká òrùka náà sí méjì: kọ́ọ̀dù ń yára kọjá ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tó ń sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni Coltrane ṣe gbà á. Miles padà dé, wọ́n tún tú u sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Orúkọ Miles ló wà lára àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, Evans sì sọ títí pé òun ni. Ẹni tó bá gbọ́ píánò inú rẹ̀ á mọ ẹni tí òun máa gbè.

Ní ọdún 2001, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Súrùlérè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Kind of Blue lórí sídì, ó sì fi í sí i kí n lè gbọ́ bó ṣe mọ́ tó. Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí Chambers tó sọ gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ tán, ara mi ti kọ̀ ọ́. Ohùn náà wúwo. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá pe ẹnìkan tí ẹ mọ̀ dáadáa lórí fóònù, tí ẹ sì gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ẹ̀rọ rẹ yìí ń fà." Ó wò mí bí ẹni tó ń bú ìyàwó rẹ̀. Sídì kì í fà, ó ní. Mo dákẹ́. Nígbà tí mo délé, mo tan kíbọ́ọ̀dù tèmi, mo kọ orin náà lẹ́nu bí mo ṣe gbọ́ ọ níbẹ̀, mo tẹ D. Ó bá a mu.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí ìdí rẹ̀ kà. Lẹ́ẹ̀mejì ni Miles àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọ sítúdíò fún àwo yẹn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1959, wọ́n ṣe orin mẹ́ta ojú kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, wọ́n ṣe méjì tó kù. Ẹ̀rọ téèpù méjì ló ń gbà wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìpamọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ń lọ́ra díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura. Ẹ̀rọ tó ń lọ́ra á ká orin tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sórí téèpù tó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ̀rọ mìíràn tí ara rẹ̀ dá bá wá fa téèpù náà, á tètè fà á tán. Orin á yára, ohùn á sì bá a gòkè, nítorí pé lórí téèpù, ọmọ ìyá kan náà ni ìyára àti ohùn. Ẹ kò lè pe ọ̀kan kí èkejì má dáhùn. Kò tó ààbọ̀ ohùn tí ó fi gòkè. Ó kàn tó láti ba Sátidé ọmọ kan jẹ́ ní Ìbàdàn ni.

Láti 1959 ni gbogbo àwo náà káàkiri ayé ti ń jáde bẹ́ẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n tó padà sídìí téèpù ìpamọ́, èyí tí ìrìn rẹ̀ gún, tí wọ́n sì fi òun ṣe sídì. Ọdún 33 ni àṣìṣe yẹn fi yí, lórí àwo tó ń yí ní 33. Bí mo bá hùmọ̀ irú ẹ̀ yẹn nínú ìtàn àròsọ, ẹ ó ní mo ti ṣe é jù.

Ẹ̀rọ Bàámi ò jẹ̀bi. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì náà ò jẹ̀bi. A jà lórí ọ̀rọ̀ tí òtítọ́ wà lọ́dọ̀ àwa méjèèjì. Nǹkan mìíràn tún yé mi lọ́jọ́ yẹn. Bàámi máa ń sọ pé ojú kejì àwo náà, èyí tí "All Blues" àti "Flamenco Sketches" wà lórí rẹ̀, ló ń mú kí àwọn rí oorun sùn. Ojú kejì ò ní àṣìṣe. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yí àwo padà, ohùn gbogbo ilé ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá rọra yí iná àtùpà wálẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn pé mo ti rí òtítọ́. Kò dùn. Mo gbìyànjú, mo ra sídì tèmi, mo ń fi í sí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba ẹnìkan lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ́pò. Mo bi ara mi pé kí ló yí padà gan-an? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin náà. Àwa ló yẹ kó mọ èyí ju ẹlòmíì lọ. Bí onídùndún kan bá fa awọ ìyáàlù rẹ̀ le, tí ẹnìkejì sì jẹ́ kí tirẹ̀ dẹ̀, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì á fi kí ọba, ọba á sì gbọ́ ọ bákan náà. Ọkọ kì í di ọkọ̀ nítorí pé ìlù kan ga ju èkejì lọ. Ohun tí etí ń tẹ̀ lé ni bí ohùn kan ṣe jìnnà sí ìkejì rẹ̀, ìyẹn sì wà bó ṣe wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù Bàámi àti lórí sídì. "Ẹ́n-ẹ̀n" ṣì ni wọ́n ń wí. Àmọ́ ẹni tó ń wí i ló yàtọ̀. Ohùn ìyáàlù tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó yín, ẹ óò mọ̀ ọ́n láàárín ogún ìlù tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tó wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù Bàámi kéré lọ́jọ́ orí ju àwọn tó wà lórí sídì lọ. Wọ́n ń lọ síbì kan. Àwọn ti sídì ti dé.

Ẹlòmíì á ní bí Miles ṣe fẹ́ ẹ gan-an ló yẹ ká gbọ́ ọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Miles ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́, ohun tó sọ ni pé àwo náà ò rí bí òun ṣe fẹ́. Ó ti rí ẹgbẹ́ oníjó kan láti ilẹ̀ Guinea, ohùn irú ohun èlò tí àwa ń pè ní agídìgbo sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ohùn yẹn ló ń lé, òun àti orin ṣọ́ọ̀ṣì tó gbọ́ ní Arkansas nígbà èwe, ó sì ní òun kò bá a. Àwọn èèyàn máa ń wò ó bí wèrè tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá kan ò ní wò ó bẹ́ẹ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bí mo bá gbọ́ bí Evans ṣe ń tẹ kọ́ọ̀dù "So What" ní kúkúrú kúkúrú, mo máa ń rò pé mo rí ibi tí ọ̀nà yẹn ti gbà wọlé, kó tó di pé wọ́n pàdánù rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí Miles fẹ́ ò sí lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, kò sì sí lórí sídì. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún ìyára rẹ̀ ṣe.

Bàámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ti dákẹ́, mọ́tò rẹ̀ jóná, a ò sì rí irú rẹ̀ rà. Ó ṣì wà ní ìkángun pálọ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbé ìwé ìròyìn lé e. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, mo gbé sìpíkà aláìníwáyà kékeré kan lọ, mo so ó mọ́ fóònù mi. N kò ṣàlàyé nǹkan kan. Mo kàn fi "So What" sí i.

Wọ́n gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Chambers dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, píánò dáhùn. Aro Jimmy Cobb dún. Miles bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la ojú.

"Kí ló dé tó ti rẹ̀ wọ́n báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ẹ̀rọ méjì, téèpù ìpamọ́, bébà pupa tí kò purọ́ àti kíbọ́ọ̀dù tí kò purọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ta ló ní kí wọ́n tún un ṣe?"

"Ilé iṣẹ́ tó ni ín ni, Bàámi."

"Ṣé ọ̀gbẹ́ni afunfèrè yẹn wà níbẹ̀?"

"Ó ti kú kó tó jáde, sà."

"Ẹ́n-ẹ̀n," wọ́n ní.

"Freddie Freeloader" wá, ó lọ. Nígbà tó kan "Blue in Green", mo retí kí wọ́n tún sọ nǹkan. Wọn ò sọ. Wọ́n pa ojú dé, ọwọ́ wọn kan lórí ikùn. Orin náà wúwo ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn bá a mu, bí òjò tó ṣú tó sì wá pinnu láti rọ̀. Ìgbà tí Coltrane gbà á, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Èyí ò burú," wọ́n ní, wọn ò la ojú. "Èyí, wọ́n lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Béèsì fi ọrun fa ohùn tó kẹ́yìn, ó tán. Bàámi fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú, wọ́n rọra gbé ara wọn dìde, wọ́n kọjú sí ìkángun pálọ̀ láti lọ yí àwo padà sí ojú kejì. "All Blues" ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó nàró tán.